Ihò Méjì Ẹ̀yìn Kọ̀ǹpútà

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Gbénró Ògúnlẹ́yẹ fi kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ọdún 1996. Yàrá kan báyìí tí wọ́n ta kọ́tìnì dúdú sí lójú fèrèsé ni wọ́n ti kọ́ wọn, àwọn mẹ́rìnlá ló sì ń pín ẹ̀rọ mẹ́ta lò. Bí ó bá kan Gbénró, á jókòó, á tẹ orúkọ ara rẹ̀, á pa á rẹ́, á tún un tẹ̀, kí wọ́n tó ní kó dìde fún ẹlòmíràn. Kò fìgbà kankan rí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, nítorí ara ògiri ni wọ́n gbé gbogbo wọn tì. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé Ìgbò-Ọrà, níbi tó ti ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama kan, tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í léèrè ohun tó kọ́ bọ̀, ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti sọ pé orúkọ òun lòun ń tẹ̀. Ó ní òun lè tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ kí òun sì tún un tò padà.

"Gbogbo ẹ̀ náà?" Ojúọlá tó ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀ pátá. Bí ẹni ń tú kẹ̀kẹ́ ni."

Irọ́ yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára nígbà náà. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ilé-ìwé náà, bóyá ló sì tó méjì ní gbogbo ìlú. Ìyá rẹ̀, Ọ̀ṣunfúnkẹ́, gbọ́ ọ, ó sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń bó ẹ̀gúsí níta ilé wọn. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí Gbénró ní "Ẹnjiníà" bó bá ń kọjá lọ. Kò bá wọn jà sí i. Ó dùn mọ́ ọn.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá ilé-ìwé, Alàgbà Akínladé, wọ yàrá àwọn olùkọ́ wá pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Alhájì Yẹ̀kínì, ọmọ ilé-ìwé náà àtijọ́ tó ti di èèyàn pàtàkì l'Ékòó, fẹ́ fún wọn ní kọ̀ǹpútà kan. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn yóò wá fà á lé wọn lọ́wọ́ níwájú àwọn àgbà ìlú.

"Alhájì béèrè bóyá kí àwọn fi ẹni tó máa bá wa tò ó ránṣẹ́," ọ̀gá wí. "Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Àwa náà ní tiwa." Ó nawọ́ sí Gbénró.

Gbogbo ojú yí sí i. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àkókò rẹ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan ì bá tó o, wọn ì bá fi í rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì tán síbẹ̀. Gbénró mi orí, ó ní, "Kò sí wàhálà, sà."

Ọjọ́ Túsìdé ni mọ́tò kan gbé kọ̀ǹpútà náà dé láti Èkó. Yàrá Ìyá Wàhábì ni wọ́n gbé e sí, nítorí òun ni yóò máa lò ó. Hàlímọ̀ lorúkọ tí wọ́n sọ obìnrin yìí, òun ló ń bá ilé-ìwé náà tẹ̀wé láti bí ọdún mọ́kàndínlógún. Nígbà tí Gbénró fúnra rẹ̀ jáde níwèé mẹ́wàá nílé-ìwé yẹn kan náà, ọwọ́ obìnrin yìí ló tẹ ìwé-ẹ̀rí ìwà rere tó mú lọ sí yunifásítì. Ó máa ń yára tẹ̀wé débi pé èèyàn á rò pé òjò ló ń rọ̀ sórí páànù. Kì í pariwo, kì í sì í pẹ́ débi iṣẹ́.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé, Gbénró ti ilẹ̀kùn yàrá náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú páálí. Ìyá Wàhábì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń ṣọ́ra kó má fara kan nǹkan. Wáyà mọnítọ̀ wọlé wẹ́rẹ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣeé gbà tì í bọ̀ ọ́. Wáyà iná náà wọlé. Inú Gbénró bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó wá ku wáyà méjì, ti kíbọọ̀dù àti ti máòsì, orí àwọn méjèèjì rí róbótó, wọ́n ní abẹ́rẹ́ tín-ín-tín-ín mẹ́fà nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ihò róbótó méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fara tira, dúdú ni méjèèjì, ìwọ̀n kan náà, ojú kan náà, bí ìbejì tó jẹ́ pé ìyá wọn nìkan ló lè dá wọn mọ̀.

"Tíṣà," Ìyá Wàhábì wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ó dà bíi pé wọ́n ya nǹkan kékeré kan sókè àwọn ihò yìí. Ẹ wò ó. Èyí jọ pátákó ìtẹ̀wé."

Gbénró kò wò ó. "Ìyá Wàhábì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbájú mọ́ ọn."

"Ẹ má bínú o." Ó sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní òun ń lọ kírun Àílà, ó sì jáde.

Gbénró ti kíbọọ̀dù bọ ihò kan, ó ti máòsì bọ ìkejì. Ó tan ẹ̀rọ náà. Ó dún píì, ó kọ lẹ́tà funfun sójú mọnítọ̀ pé òun kò rí kíbọọ̀dù kankan, kí ó tẹ bọ́tìnnì kan lórí kíbọọ̀dù kí àwọn lè máa bá iṣẹ́ lọ. Gbénró tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan. Ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀, ó fọwọ́ gbá a. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀. Kò pa iná, ó fa wáyà kíbọọ̀dù yọ, ó fẹ́ tì í bọ ihò kejì, ṣùgbọ́n kò yọjú wo bí àwọn abẹ́rẹ́ náà ṣe kọjú. Ó tì í, kò wọlé. Ó fi agbára tì í, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì gbọ́ tí nǹkan kan rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ kòkòrò.

Nígbà tó yọ ọ́ wò, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ti sùn sílẹ̀. Ọ̀kan fẹ́ kán.

Lẹ́yìn náà ó fi wáyà náà gún ẹnu ihò, kó lè dà bí ẹni pé ó wà nínú rẹ̀. Ó pa iná, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà. Ó pàdé Ìyá Wàhábì lójú ọ̀nà bó ṣe ń padà bọ̀ láti ibi ìrun. "Ṣé ó ti parí, tíṣà?" Ó ní ó ti parí. Ó kí i kú iṣẹ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá kó àwọn olùkọ́ mẹ́ta tẹ̀ lé ara rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Gbénró ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ó ti ronú ohun tó máa sọ, ó fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ náà kò pé láti Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tan án, tó dún píì, tó tún kọ ọ̀rọ̀ àná rẹ̀ sójú, tí ọ̀gá yíjú sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lánàá, sà. Mi ò mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?"

Gbogbo wọn ló mọ ẹni tó ni ín. Ìyá Wàhábì dìde lórí àga rẹ̀. Ó ní òun ni. Ó ní òun nu eruku ara ẹ̀rọ náà láàárọ̀, pé aṣọ gbígbẹ lòun fi nù ún, òun kò lo omi rárá.

"Ẹ̀yìn ńkọ́? Ṣé ẹ nu ẹ̀yìn ẹ̀?"

"Mo nù ún, sà."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà náà, ó ṣubú sí i lọ́wọ́. Ó rí àwọn abẹ́rẹ́ tó ti tẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Kì í ṣe ẹni tó máa ń kanra, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìlú ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé tí wọ́n kọ sí Alhájì pé wọn kò nílò ẹnikẹ́ni.

"Ìyáàfin Sàláúdéènì," ó wí, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe obìnrin náà bẹ́ẹ̀ nílé-ìwé yẹn, "ẹ wo ohun tí ẹ fi àìbìkítà ṣe. Ohun tí a ń retí láti ọdún gbọọrọ. Mo máa fún yín ní kúẹ́rì. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ dúró sílé yín. Mi ò fẹ́ kí Alhájì béèrè ẹni tó bà á jẹ́ kí n wá máa nàka sí yín."

Ìyá Wàhábì wo Gbénró. Kì í ṣe ìwò ẹ̀sùn, ó wò ó bí ẹni tó ń wo dókítà lójú, pé bóyá ó lè sọ pé àìsàn náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Gbénró wo ilẹ̀.

Ọ̀gá fọwọ́ kọ kúẹ́rì náà sórí ìwé. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ìwé tẹ̀ nílé-ìwé, nítorí náà Ìyá Wàhábì ni wọ́n gbé e fún pé kó tẹ̀ ẹ́. Gbénró ní kíláàsì ìwé kẹrin lákòókò náà, yàrá kíláàsì náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó ń kọ nọ́ńbà sára pátákó, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti ara ògiri. Kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, á dúró, á tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sókè, ó tẹ ẹ̀sùn ara rẹ̀ sísàlẹ̀, ó mú un lọ fún ọ̀gá kó fọwọ́ sí i, ó sì tún gbà á padà lọ́wọ́ ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́, ó ní, "Sà, ẹ ti kọ méje sí ibi tó yẹ kí mẹ́sàn-án wà." Gbénró pa á rẹ́. Kò rántí ohun tí ìṣirò náà dá lé lórí mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá Wàhábì wá bá a lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn yàrá àwọn olùkọ́.

"Tíṣà, mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́ ni. Wọ́n ní kí n fèsì kúẹ́rì kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́ lónìí. Ohun tí ẹlòmíì bá kọ ni mo mọ̀ ọ́n tẹ̀, èmi fúnra mi ò lè kọ gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán. Ẹ̀yin lẹ sì mọ nǹkan tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ bá mi wí i bó ṣe yẹ, ibi tí mo ti ṣe é tí kò dáa, kí n lè tọrọ àforíjì."

"Ìyá Wàhábì, ẹ̀yin…" Gbénró bẹ̀rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ó dun ẹ̀yin náà. Ẹ ṣe wàhálà lórí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ó na báírò àti ìwé sí i. Gbénró gbà á. Ó kọ ọ́ sórí itan rẹ̀, pé òun Hàlímọ̀ Sàláúdéènì gbà pé àìfarabalẹ̀ òun ló ba ẹ̀rọ náà jẹ́, pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, pé kí ọ̀gá fojú àánú wo ọdún tí òun ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ ọ́ dáadáa. Gbogbo kọ́mà wà níbi tó yẹ kó wà. Nígbà tó parí rẹ̀, obìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀ láti dúpẹ́, obìnrin tó tó ìyá rẹ̀. Gbénró yára dìde kúrò níwájú rẹ̀. Ó rìn lọ sí ìdí kànga, ó ń bọ́jú bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú.

Ọ̀gá ti tẹ Alhájì láago láti ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí náà ní òwúrọ̀ Sátidé ẹnì kan tó ń jẹ́ Àkíbù tètè dé láti Èkó kí àwọn tó kù tó dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó gbé báàgì awọ kékeré kan kọ́ èjìká. Gbénró ló mú un wọ yàrá náà. Àkíbù yọ wáyà kíbọọ̀dù, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín. Ó yọ inú báírò kan tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, ó fi ẹnu ọ̀pá rẹ̀ mú àwọn abẹ́rẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn nàró díẹ̀díẹ̀, láìmí sókè. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ti kíbọọ̀dù bọ ihò tí wọ́n ya pátákó ìtẹ̀wé kékeré sí lókè, ó ti máòsì bọ ìkejì. Ó tan án. Ẹ̀rọ náà ṣí, ó ń tàn yinrin.

"Oríire ni pé kò jó," Àkíbù wí. "Wọn kì í fà á yọ nígbà tí iná bá wà lára ẹ̀. Ta ló tò ó?"

"Wọ́n ní ẹni tó ń nulẹ̀… ẹni tó nu eruku ara ẹ̀ ló bà á jẹ́."

Àkíbù wò ó. "Eruku nínù kọ́ lèyí, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó fẹ́ tì í bọ ihò ló fi tipátipá tẹ̀ ẹ́." Ó wo òógùn tó wà lára kọ́là Gbénró, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Mi ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni."

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé kò sí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n láé.

Wọ́n ṣe ayẹyẹ náà. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, Alhájì Yẹ̀kínì gé ríbọ́ọ̀nù, ọ̀gá sì pe Gbénró síwájú kó tẹ orúkọ ilé-ìwé fún gbogbo èèyàn rí. Ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ wà láàárín àwọn òbí, ó nà gàgà láti rí ọmọ rẹ̀. Alhájì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní irú yín la ń wá. Àga Ìyá Wàhábì ni Gbénró jókòó lé.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó gun ọ̀kadà lọ sí ojú ọ̀nà Tápà, níbi tí ilé wọn wà. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn máa kí wọn ni. Ọkọ obìnrin náà, Bàbá Wàhábì, ń gé ọ̀pá ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa gbìn níwájú ilé. Bó ṣe rí Gbénró, ó ju àdá sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Tíṣà! Ẹ káàbọ̀. Ìyàwó mi sọ fún mi bí ẹ ṣe dúró tì í, tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ bá a kọ lẹ́tà. Nígbà tí gbogbo ayé kẹ̀yìn sí i. Ọlọ́run á dúró ti ẹ̀yin náà." Ó kígbe sínú ilé. "Hàlímọ̀! Wá wo àlejò rẹ. Bá tíṣà di ọsàn tó wà nínú agbọ̀n yẹn."

Ìyá Wàhábì jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé àga lọ́wọ́. Gbénró kò lè jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, láàárín àwọn ọ̀pá ẹ̀gẹ́.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo tẹ àwọn abẹ́rẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ kírun ni. Mi ò mọ̀ ọ́n tò rárá, irọ́ ni mo pa."

Adìyẹ kan ń walẹ̀ níbì kan. Bàbá Wàhábì ló kọ́kọ́ mira, ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbénró, ó rọra rìn lọ mú àdá rẹ̀. Kò fi ṣe nǹkan kan, ó kàn mú un dání, ó sì wọlé lọ.

"Ẹ dìde," Ìyá Wàhábì wí.

"Ẹ foríjì mí, mà."

"Mo ní kí ẹ dìde." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wá bá yín lábẹ́ máńgòrò?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì gba báírò lọ́wọ́ mi." Ó gbé àga náà sílẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá kàn dákẹ́ ni, ẹ̀rù ló bà yín, mo lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé aláìfarabalẹ̀ ni mí, ẹ tún jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Ìwé yẹn wà nínú fáìlì mi báyìí. Bí mo bá kú tán, òun ni wọ́n máa bá níbẹ̀."

Gbénró dìde lórí iyẹ̀pẹ̀.

"Mi ò fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ nílé mi," ó wí. "Ibi tí wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti lọ tún un ṣe. Kí n sì wà níbẹ̀."

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, kí wọ́n tó lu aago, gbogbo olùkọ́ jókòó. Ìyá Wàhábì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Gbénró ti ṣètò ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lórí, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Kọ̀ǹpútà yẹn," ó wí, "èmi ni mo bà á jẹ́. Ìyá Wàhábì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo sì tún bá wọn kọ ìwé pé àwọn ni. Mi ò tú kọ̀ǹpútà rí láyé mi. Mi ò tò ó rí."

Ojúọlá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ó rò pé àwàdà ni, ó sì pa ẹnu dé. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́.

"O jẹ́ kí n pe àgbàlagbà ní aláìbìkítà," ó wí níkẹyìn. "Mo jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ ẹ̀sùn ara wọn." Ó dìde, ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó mú fáìlì wá, ó yọ ìwé méjèèjì níwájú gbogbo wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyá Wàhábì, ó ní kí wọ́n foríji òun. Obìnrin náà kò ya á. Ó ká a, ó fi í sínú báàgì. Ó ní òun fẹ́ lọ fi han bàbá Wàhábì kí òun tó dáná sun ún. Lẹ́yìn náà ó lọ ṣí yàrá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ nílé-ìwé kó tó dé ìgboro. Wọ́n ṣì ń kí Gbénró ní Ẹnjiníà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ṣé òótọ́ ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ti ń bó ẹ̀gúsí, òun nìkan. Èyí dun Gbénró ju ẹ̀rín àwọn ará ìta lọ. Ó rò pé kí òun kọ̀wé fún tiránsífà lọ sí Ayétẹ̀ tàbí Èrúwà, ó kọ ọ́ pàápàá, kò fi í sílẹ̀. Kò mọ ìdí tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi pé ó rò pé tí òun bá lọ, ńṣe ni òun tún sá.

Àkíbù padà wá fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kọ́ Ìyá Wàhábì àti olùkọ́ méjì mìíràn. Orúkọ Gbénró kò sí nínú wọn, kò sì béèrè.

Nígbà tó di ìparí táàmù kẹta, Ìyá Wàhábì ránṣẹ́ pè é. Èsì ìdánwò ìṣirò ló fẹ́ tẹ̀, ìwé tó kọ ọ́ sí kò ṣeé kà. Gbénró dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

"Ẹ wọlé, tíṣà," ó wí, kò yíjú kúrò lójú mọnítọ̀. "Ẹ máa pè é, kí n máa tẹ̀ ẹ́."

Ó jókòó sórí àpótí kan jìnnà díẹ̀ sí i. Ó ń pe orúkọ, ó ń pe máàkì, ọwọ́ obìnrin náà sì ń yára lórí kíbọọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó dá a dúró, ó ní, "Ẹ tún èyí pè. Ṣé ó dá yín lójú?"

Gbénró wo ìwé náà. Ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò lè dá a mọ̀ bóyá márùn-ún ni àbí mẹ́fà.

"Kò dá mi lójú, mà. Ẹ jẹ́ n lọ wo ìwé ọmọ náà."

Ó lọ, ó wò ó, ó padà wá. Márùn-ún ni. Ìyá Wàhábì tẹ márùn-ún, wọ́n sì bá iṣẹ́ lọ títí wọ́n fi dé orí ẹni tó kẹ́yìn.